Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KẸ̀KẸ́ ÒKÈ, KÍ NI KÁ KỌ́KỌ́ PÀÀRỌ̀ LÁRA RẸ̀?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ti kòkó, kì í sì í ṣe ti ìwé ìṣirò owó bí a ti máa ń ṣe. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ owó wa ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye epo fi ju ìlọ́po méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, owó ọ̀kadà láti ilé dé oko ti di ohun tí ń jẹ èrè oko. Àwọn tí oko wọn wà lápá ọ̀nà Ìkógòsì mọ ohun tí à ń wí. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìbéèrè fún lóònù kẹ̀kẹ́ fi ń wọlé sọ́wọ́ wa. Kẹ̀kẹ́ tí a ti gbé jù sí ẹ̀yìnkùlé látìgbà tí ọ̀kadà ti dé, òun náà la tún ń nu eruku ara rẹ̀ báyìí. Àwọn mìíràn fẹ́ ra tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní máúntìn báìkì, kí wọ́n sì tún un tò bó ṣe wù wọ́n. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ka àwọn ìwé náà, ohun kan kò dùn mọ́ wa nínú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló ń béèrè owó jíà, owó ṣọ́ọ̀kì iwájú, owó ọ̀dà tuntun. Àwọn tó béèrè owó bíréèkì kò pé márùn-ún.

Ẹ gbọ́ ná. Erijiyan kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, ẹni tó bá sì ti fi ẹsẹ̀ rìn dé Ẹ̀fọ̀n kò ní bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, bó bá rẹ̀ ẹ́, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò máa tì í lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti orí òkè pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn, tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, kò ní ibi tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí. Nítorí náà ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ẹ mú nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí owó ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ síbi ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró àti ohun tó ń gbé ẹrù, kí ó tó lọ síbi ohun tó ń mú un sáré tàbí ohun tó ń dán.

IBI TÍ KẸ̀KẸ́ ÒKÈ TI ṢẸ̀

Àwọn àgbà wa mọ Raleigh dáadáa: kẹ̀kẹ́ dúdú, irin tó nípọn, táyà 28, bíréèkì onírin gbọọrọ tó ń fa rọ́bà mọ́ ríìmù. Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Kò sí àbùkù kankan ní ti agbára rẹ̀. Ó ti gbé emu, ó ti gbé kòkó, ó ti gbé ìyàwó àti ọmọ. Ṣùgbọ́n títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é, kì í ṣe ọ̀nà oko wa.

Ẹlòmíràn á rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló jókòó, tó ronú, tó wá ṣe kẹ̀kẹ́ òkè jáde. Rárá. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin, ní California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ń ṣa ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn tí wọ́n ti ṣe láti àwọn ọdún 1930, wọ́n ń yọ ohun tí kò wúlò kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e lọ sórí Òkè Tamalpais láti sáré sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan lójú ọ̀nà eléruku tó ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300 láàárín bíi máìlì méjì. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọn nígbà náà, inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ló wà, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà sẹ́yìn kó tó mú. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù náà á ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ á jó, tí á máa rú èéfín. Wọ́n ní láti tú u palẹ̀ kí wọ́n tún kó gíríìsì tuntun sí i. Ìtúnkó gíríìsì yẹn ni wọ́n fi sọ eré ìje náà lórúkọ: Repack. Ṣé ẹ rí i bí? Eré sísá ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n bíréèkì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀kan nínú wọn, Gary Fisher, gbé jíà àti bíréèkì ìlù sí ara Schwinn tirẹ̀. Ní ọdún 1977, Joe Breeze kò fi ti ògbólógbòó ṣe mọ́, ó fi irin tuntun jó férémù tí a dìídì ṣe fún òkè. Ní ọdún 1979 Tom Ritchey ń jó férémù, Fisher àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charlie Kelly sì ń to nǹkan sí i lára, wọ́n ń tà á. Ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ Specialized wá gbé Stumpjumper jáde fún gbogbo ayé. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn tó dá kẹ̀kẹ́ òkè sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀yin tí ẹ ń yọ ti ibí, tí ẹ ń fi kún ti ọ̀hún. Ẹ di Tom Ritchey yẹn mú o, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

FÉRÉMÙ

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ láti tún tò, ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ wo ibi tí irin ti pàdé irin, pàápàá lábẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú àti níbi tí ọ̀pá ìjókòó ti wọlé. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ọ̀dà níbẹ̀, ẹ fi èékánná ha á. Bó bá kọ́ èékánná, ó ti sán. Irin lásán tó bá sán, alájòórin tó mọṣẹ́ lè jó o padà. Alumíníọ̀mù kì í gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n máa ń yan án nínú iná ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán kí ó tó lágbára, kò sì sí alájòórin ẹ̀bá títì tó lè ṣe ìyẹn. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ irin? Ẹ mú òòfà kékeré dání. Irin á fà á, alumíníọ̀mù kò ní fà á.

Ẹ dúró gàgààgà sí àárín kẹ̀kẹ́ náà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ó kéré tán, kí àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín yín àti irin òkè. Ẹ̀yin ìyá tó ń wọ ìró, èyí tí irin òkè rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ ló dára fún yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ló lágbára jù.

BÍRÉÈKÌ

Ibí gan-an la fẹ́ jókòó sí. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì fẹ́ ṣe láti dá kẹ̀kẹ́ dúró di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní ẹ wúwo tó kílò 65, tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ kílò 20. Kílò 85 lẹ̀ ń dá dúró. Ẹ wá di àpò tó wúwo tó kílò 60 sẹ́yìn: ó di 145. Bíréèkì tó ń fi agídí mú nígbà tí ẹ kò gbé nǹkan kan, báwo ni yóò ṣe mú nígbà tí ẹ gbé kòkó? Ìdàgẹ̀rẹ̀ kò sì ní bi yín pé kí ni ẹ gbé.

Àléébù kan wà lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ láìmọ ìdí rẹ̀. Ríìmù irin tó ń dán, bí òjò bá pa á, rọ́bà bíréèkì á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ríìmù alumíníọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ tutù, rọ́bà ṣì ń rí nǹkan dì mú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ná owó kékeré tó máa ṣe é láǹfààní púpọ̀, kí ó kúrò lórí ríìmù irin lọ sórí ríìmù alumíníọ̀mù, kí ó sì fi rọ́bà tuntun tó rọ̀ sí i. Ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Shimano ilẹ̀ Japan gbé bíréèkì alápá gígùn méjì jáde, èyí tó ń há ríìmù mọ́ àárín láti ọ̀tún àti òsì. V-brake ni wọ́n ń pè é. Wáyà kan ṣoṣo ló ń fà á, sípánà kékeré tí kò ní orí lẹ fi máa dè é, ẹ̀yin fúnra yín lè pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ lóko. Èyí ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí jù lọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra á, ẹ wo fọ́ọ̀kì. Ó gbọ́dọ̀ ní èèkàn irin kékeré méjì tí a jó mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, orí wọn ni apá bíréèkì náà ń jókòó. Bí kò bá sí èèkàn, kò sí V-brake. Ohun kejì ni ọwọ́ bíréèkì. Ọwọ́ bíréèkì àtijọ́ kì í fa wáyà jìnnà tó. Bí ẹ bá so ó mọ́ V-brake, ẹ ó fà á títí yóò fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹ ra méjèèjì pa pọ̀.

Bíréèkì díìsìkì ńkọ́, èyí tó ní àwo irin pẹlẹbẹ lára họ́ọ̀bù bíi ti ọkọ̀? Ó dára gan-an nínú ẹrẹ̀ àti òjò, nítorí pé ó jìnnà sí ilẹ̀. Bí tòkunbọ̀ tí ẹ rà bá ti ní in, ẹ má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń lo wáyà, ìkejì ń lo ọ́ìlì. Ti ọ́ìlì yìí ni a kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó fún. Kì í ṣe pé kò mú, àní òun ló mú jù. Ọ́ìlì inú wọn ló yàtọ̀ síra: ti Shimano kì í gba ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá gbé e fún ẹni tí kò mọ̀, tí wọ́n da èyí tí kò yẹ sí i, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló máa tún un ṣe fún un ní Aramọkọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo Raleigh ti bàbá yín, a kò ní purọ́ fún yín. Ẹ kò lè fi V-brake sí i. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ẹ tọ́ àwọn irin gbọọrọ rẹ̀ kí wọ́n má ṣe tẹ̀, ẹ dín ẹrù kù, bí ẹ bá sì dé ìdàgẹ̀rẹ̀ tó ga nígbà òjò, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yọ bíréèkì iwájú dànù, wọ́n ní yóò gbé àwọn ṣubú. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú dídá kẹ̀kẹ́ dúró, torí pé bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo ló máa ń sáré wá síwájú. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni fífà á gbàdì. Ẹ rọra fún méjèèjì pọ̀, ẹ sì dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ṣubú nígbà òjò, tí orúnkún rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lè dé oko, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní jíà mọ́kànlélógún. Kò ní bíréèkì iwájú. Àwọn onídùúró rẹ̀ ló bá a san owó oṣù méjì.

NỌ́ŃBÀ ARA TÁYÀ

Ẹlòmíràn ra táyà méjì tuntun l'Ádó-Èkìtì, ó gbé e délé, kò wọ ríìmù. Ó binú padà lọ bá ẹni tó tà á. Oníṣòwò fi nọ́ńbà hàn án: 26. Ó wo ríìmù rẹ̀: 26. Ta ló jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. 26 méjì ló wà láyé.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Kẹ̀kẹ́ obìnrin àtijọ́ ń lo 26 x 1⅜. Kẹ̀kẹ́ òkè ń lo 26 x 1.95, 26 x 2.10 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbú ríìmù ti àkọ́kọ́, níbi tí táyà ti jókòó, jẹ́ mílímítà 590. Ti ìkejì jẹ́ 559. Wọn kì í gba ara wọn láéláé. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá yẹn máa lọ, ẹ wá nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, tó ní ìdá gbọọrọ láàárín, bíi 54-559. Èyí àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó, èyí kejì ni ìwọ̀n ríìmù tó gbà á. Èyí kejì yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ sí ìwé kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ti Raleigh ńlá, 28 x 1½, jẹ́ 635. Ti kẹ̀kẹ́ òkè tuntun tí wọ́n ń pè ní 29 jẹ́ 622, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kọ 700C sí lára náà sì ń lo 622 kan náà. Ti 27.5 jẹ́ 584. Ẹ wò ó dáadáa: 27.5 kéré ju 26 àwọn ìyá wa lọ! Ẹni tó fún wọn ní nọ́ńbà wọ̀nyí kò ní kí ọ̀rọ̀ rọrùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́.

Irú ìjàǹbá kan náà wà lára ìdí pẹ́dà. Àwọn Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham láyé àtijọ́, ìlà ìdè inú ihò pẹ́dà wọn jẹ́ 26 nínú íǹṣì kan. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yòókù jẹ́ 24. Bí ẹ bá fi agbára wé ti 24 sí ti 26, ẹ ti ba férémù jẹ́. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé tuntun lójú oníṣòwò.

Ní ti sípóòkù, àwọn tó ṣe Raleigh gbọ́n: 32 ló wà níwájú, 40 lẹ́yìn, torí pé ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Kẹ̀kẹ́ òkè tòkunbọ̀ sábà máa ń ní 32 níwájú, 32 lẹ́yìn. Fún ẹni tó fẹ́ máa gbé àpò, kí ó wá họ́ọ̀bù àti ríìmù oníhò 36 fún ẹ̀yìn. Iye ihò họ́ọ̀bù àti ti ríìmù gbọ́dọ̀ bára mu o.

JÍÀ

Kì í ṣe pé a kórìíra jíà. Nígbà tí bíréèkì àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti dára tán, jíà ni ohun tó kàn, ẹ ó sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ ka eyín tó wà níwájú níbi pẹ́dà, ẹ ka eyín tó wà lẹ́yìn, ẹ fi ti ẹ̀yìn pín ti iwájú. Raleigh kan tó ní eyín 46 níwájú àti 18 lẹ́yìn: bí ẹ bá wa pẹ́dà yípo lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yípo lẹ́ẹ̀mejì ààbọ̀ àti díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì rìn tó mítà 5.7. Lórí títì tó tẹ́jú, ó dára. Ẹ wá gbé kẹ̀kẹ́ òkè tó ní 22 níwájú, 32 lẹ́yìn nínú jíà rẹ̀ tó rọ̀ jù: pípẹ́dà kan kò gbé e ju nǹkan bíi mítà 1.4 lọ. Èyí ni pé agbára tí ẹsẹ̀ yín fẹ́ lò di bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ ó wa pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹ tó dé ibi tí Raleigh fi ẹ̀ẹ̀kan dé. Kò sí jíà tó ń fúnni ní agbára lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kàn ń pín in sí wẹ́wẹ́ ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé jíà 27 lágbára ju jíà 7 lọ, ẹ bi í pé eyín mélòó ló wà lára èyí tó tóbi jù lẹ́yìn. Iye eyín yẹn ló ń gun òkè, iye jíà kọ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kí ó pààrọ̀ fíríwíìlì ẹ̀yìn Raleigh rẹ̀ láti eyín 18 sí 22, kí ó sì fi kún gígùn ṣéènì. Mítà 5.7 á di 4.7. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, òkè kékeré á sì gbà fún un. Àwọn Raleigh kan wà tí ó ní họ́ọ̀bù Sturmey-Archer ẹlẹ́ẹ̀mẹta nínú, tí wọ́n ṣe ní Nottingham kan náà. Jíà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ ohun gbogbo di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí irú rẹ̀ bá wà ní ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ́ìlì díẹ̀ ló kàn fẹ́.

Fún ẹni tó ń to kẹ̀kẹ́ òkè, a dámọ̀ràn jíà 7 tàbí 8 lẹ́yìn. Ṣéènì kan náà ló ń gba 6, 7 àti 8, ó nípọn, ó sì wọ́pọ̀. Ti 9, 10 àti 11 ń tín-ín-rín lọ ni, ó sì wọ́n. Ohun tí ẹ fi ń yí jíà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bá iye tó wà lẹ́yìn mu. Ẹ ra rúlà kan. Ṣéènì tuntun, láti àárín ìṣó kan dé àárín ìṣó kẹrìnlélógún tó tẹ̀ lé e, jẹ́ íǹṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dúró di ìdá kan nínú mẹ́jọ, yóò ti jẹ eyín ẹ̀yìn pẹ̀lú, méjèèjì lẹ ó sì rà.

ẸRÙ Ẹ̀YÌN

A ní kí ẹ di Tom Ritchey mú. Ní ọdún 2005 ọkùnrin yìí lọ sí ilẹ̀ Rùwáńdà, níbi tí òkè pọ̀ ju tiwa lọ. Ó rí àwọn àgbẹ̀ kọfí tó ń fi kẹ̀kẹ́ kan lásán kó ẹrù, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi igi gbẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀. Kọfí tí a bá já lónìí, ọjọ́ náà ló yẹ kó dé ibi tí wọ́n ti ń bó o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ adùn rẹ̀ á bàjẹ́, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ritchey ya àwòrán kẹ̀kẹ́ kan fún wọn, kẹ̀kẹ́ onírin tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ, tó ní jíà, kí àpò lè jókòó sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì dípò kó máa rọ̀ sẹ́yìn. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọfí gbà á ní àwìn, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí à ń ṣe níbí kọ́ ni tuntun.

A kò ní gbé férémù wá láti Rùwáńdà. Ohun tí a mú níbẹ̀ ni pé ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì ju bí ẹrù ṣe wúwo tó lọ. Bí ìgbẹ́rù yín bá rọ̀ kọjá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, iwájú á máa gbé sókè, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á fúyẹ́, ẹ kò ní lè darí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alájòórin fà á síwájú, kí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ dé ibi nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, kì í ṣe kó so mọ́ ọ̀pá ìjókòó nìkan. Fún àpò méjì kéékèèké, ẹ so ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kí wọ́n wà nísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Buffalo tí ẹgbẹ́ World Bicycle Relief ń pín ní Zambia, Kenya àti Malawi, ìgbẹ́rù rẹ̀ gba kílò 100. Irin tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì iwájú, èyí olówó pọ́ọ́kú á máa jó sókè jó sílẹ̀, á máa jẹ agbára ẹsẹ̀ yín lórí òkè, bí ìdè rẹ̀ bá sì jẹ, bíréèkì iwájú á máa gbọ̀n. Fọ́ọ̀kì lásán onírin, pẹ̀lú táyà tó fẹ̀ tó 2.10 tí ẹ kò fún ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù, ti tó fún ọ̀nà oko. Ọ̀dà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ aláràbarà, ìjókòó aláwọ̀: ẹ fi owó ara yín rà á.

BÍ A Ó ṢE YÁNI LÓWÓ

Láti ìgbà òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ọdún 1935, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìmọ̀ràn C. F. Strickland, ohun tí yóò mú èrè wọlé ni a máa ń torí rẹ̀ yáni lówó. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ẹrù oko wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Ẹni tó bá béèrè lóònù kẹ̀kẹ́ yóò kọ nọ́ńbà ríìmù rẹ̀ sínú ìwé, èyí tó ní mílímítà. Yóò kọ irú bíréèkì tó wà níwájú àti lẹ́yìn. Yóò kọ iye eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn. Yóò sì kọ iye kílò tó ń gbé láti oko. A ó san owó bíréèkì, ríìmù, táyà àti ìgbẹ́rù lákọ̀ọ́kọ́. Owó jíà yóò jáde ní ìpín kejì, lẹ́yìn tí a bá ti rí kẹ̀kẹ́ náà lójú. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹnìkan bá béèrè ₦100,000, tí iṣẹ́ bíréèkì àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ jẹ́ ₦60,000 nínú rẹ̀, ₦60,000 ni yóò kọ́kọ́ gbà, gbèsè rẹ̀ kò sì ní ju ₦60,000 lọ títí dìgbà tí ìyókù bá jáde. Ẹ̀yin onídùúró, èyí wà fún ààbò yín pẹ̀lú.

Àwọn tí ìwé wọn ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ kò ní láti kọ òmíràn. Kí wọ́n kàn mú kẹ̀kẹ́ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó mú rúlà àti òòfà wá, a ó sì di àpò yanrìn kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ni ín gùn ún sọ̀kalẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀ kékeré tó wà lẹ́bàá ibi ìpàdé wa, kí gbogbo wa jọ wo ibi tó ti máa dúró.